Àsálà

Èmi ni mo fún un ní kajú.
Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ ohun mìíràn.
Ọjọ́ Sátidé ni, nílé wa l'Ókè-Pópó,
mò ń da kajú sọ́wọ́ látinú ògbólógbòó ìgò jíìnì,
Ìbídàpọ̀ na àtẹ́lẹwọ́, ọmọ ọdún mẹ́rin,
mo fún un ní ẹyọ méjì péré.
Kó tó jẹ èkejì tán, ètè ẹ̀ ti wú bí ẹni tí oyin ta,
ó ń họ ọrùn, ó ń họ ikùn,
ohùn ẹ̀ ń jò tín-ín-rín bí omi ẹ̀rọ tó fẹ́ dá.
Màmá gbé e sáré jáde láìwọ bàtà.

Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá ní èèpo, wọ́n lé e kúrò nílé:
ẹ̀pà, fúrúùtù tí à ń fi òkúta fọ́ lábẹ́ igi ilé-ìwé,
àti àsálà tí ìyá àgbà máa ń dì sétí ìró wá láti Ìjẹ̀bú.
Ìyá àgbà ní, "Èèwọ̀ wo rèé,
tí kò tọ̀dọ̀ baba wá, tí kò tọ̀dọ̀ ìyá wá?"
Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.
Ọdún mẹ́jọ ló fi ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ lọ síbi ọjọ́ìbí ọmọ ẹlòmíràn.

Nígbà tó pé méjìlá, ó ní òun fẹ́ mọ̀.

Ilé ìwòsàn kan ní Láfíàjí, àjà kẹta.
Dókítà Ọdúnlámì fi bírò kọ nọ́ńbà sí apá ẹ̀ nínú,
ó kán oje sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan,
ó fi abẹ́rẹ́ gún un fẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ ò yọ.
Ẹ̀pà. Kajú. Fúrúùtù. Àsálà.
Omi lásán wà níbẹ̀, òun kò gbọdọ̀ wú;
ọ̀kan wà tó gbọ́dọ̀ wú, kí wọ́n lè mọ̀ pé awọ ara ò sùn.
"Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Má họ ọ́."
Mo di ọwọ́ ẹ̀ kejì mú, bí ẹni pé apá tèmi ló ń yún.

Kajú wú. Mo ti mọ̀.
Dókítà fi rúlà wọ̀n ọ́n,
mo yíjú sí fèrèsé, mò ń wo ọ̀sà.
Ẹ̀pà ò wí nǹkan kan. Fúrúùtù dákẹ́.
Àsálà wú díẹ̀,
bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún gbé e mì.

"Awọ ara máa ń purọ́ nígbà mìíràn," ni dókítà wí.
"Ẹnu ló mọ òótọ́. Ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀."

Lọ́jọ́bọ̀, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti fa oògùn sí wà lórí àwo,
gbogbo wa ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.
Ìyá àgbà ló se àsálà náà fúnra ẹ̀.
Àkọ́kọ́, èyí tó tó orí ìṣáná. A dúró.
Lẹ́yìn náà, èyí tó tó èékánná ọmọdé. A dúró.
Nọ́ọ̀sì Fákúnlé ń bi í léèrè bọ́ọ̀lù,
ohùn ẹ̀ ló fẹ́ gbọ́.
Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.
Ìdajì. A dúró.
Odindi.
Ó gbé omi mu, ojú ẹ̀ fà ro.
Nọ́ọ̀sì nawọ́ sí abẹ́rẹ́. Èmi ti dìde.
"Ó korò!" ló pariwo.
Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀:
"Ta ló ní kó mu omi lé e?
Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń korò. Àsálà gidi nìyẹn."

Wákàtí méjì lẹ́yìn náà, wọ́n ní ká máa lọ.
Kajú ṣì wà níbi tó wà; abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú báàgì ilé-ìwé ẹ̀.
Àwọn kan sá àsálà fún ẹ̀mí wọn.
Àbúrò mi jókòó, ó jẹ ẹ́.

Lórí àtẹ̀gùn, ó bi mí, "Ìgò ọjọ́ yẹn ńkọ́?"
Mo ní mo ti jù ú nù.
Irọ́ ni. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, òfìfo,
mo sì rò pé ó mọ̀.