Ògiri Ò Sá

Akíndójú kun ògiri náà lẹ́ẹ̀kan, ó funfun.
Ó di ọjọ́ kejì, èéfín yọ jáde lára ọ̀dà
bí ẹni tí wọ́n tì síta tó tún gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.
Ó kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Ó kùn ún lẹ́ẹ̀kẹta.
"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, ọ̀dà ń kán sílẹ̀ láti ẹnu búrọ́ọ̀ṣì,
"èéfín ogójì ọdún kọ́ ni garawa ọ̀dà kan lè bò."

Ilé ìdáná ìyá mi nìyí, ní Òkè-Àgùnlà, ní Oǹdó.
Mo wá láti Àkúrẹ́ kí n tún un ṣe.
Mo dúró, mo ń ka ògiri.

Ibi tó dúdú jù, tó ń dán bí ẹni fi àdín pa á,
igi ni: àyìn, ẹ̀ka kòkó tó gbẹ,
pákó wẹ́wẹ́ tí a ṣà ní ìsọ̀ onípákó.
Òkúta ààrò mẹ́ta; a kúnlẹ̀, a fẹnu fẹ́ iná
títí ojú wa fi pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún òkú.
Bàbá mi a ní, igi tó bá ń rú èéfín, ẹ yọ ọ́ dànù.
Ìyá mi a ní, tí a bá yọ gbogbo èyí tó ń rú èéfín,
kí la óò wá fi se iṣu?

Lọ́wọ́ òsì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gun òkè:
sítóòfù olówùú mẹ́wàá.
Ọdún tí epo òyìnbó wọ́n, a so kẹ́ẹ̀gì mọ́ okùn,
kẹ́ẹ̀gì bá wa tò láti ìdájí.
Mosúnmọ́lá àbúrò mi sùn lé tirẹ̀ lórí.
Ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ní òórùn epo òyìnbó. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ihò kékeré lókè fèrèsé, ibẹ̀ ni wáyà Nẹ́pà gbà wọlé.
Gúlóòbù kan ṣoṣo. Ìyá mi ò gbà kí a pa á;
ó ní, tó bá lọ ńkọ́?
Ó sì lọ. Ó máa ń lọ.
Bó bá fi òru dé, àwọn ọmọdé á ta jí,
wọ́n á kígbe, wọ́n á tún sùn padà.

Jẹnẹrétọ̀ ò fi àmì sára ògiri.
Etí ìyá mi ló fi tirẹ̀ sí.
"Ẹ gbóhùn sókè," ló máa ń wí, "ẹ yé sọ̀rọ̀ bí olè."

Àmì irin tó dógùn-ún nílẹ̀ yìí, róbótó bí òrùka,
ti sílíńdà gáàsì ni.
Lórí páànù, sólà mẹ́rin dojú kọ òrùn;
owó oṣù mẹ́jọ Mosúnmọ́lá ló wà níbẹ̀.
Ó ń gbé fáànù, ó ń gbé tẹlifíṣọ̀n. Kò lè se iṣu.

Mo jáde láti bi ìyá mi irú ọ̀dà tó fẹ́.
Ó jókòó ti àdògán èédú, ó ń fi páálí fẹ́ ẹ,
fóònù rẹ̀ ń mu iná òrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Gáàsì ti tán láti oṣù tó kọjá;
ó gbé ọpọ́n lé sílíńdà lórí, ó di tábìlì.

Mo kígbe: "Màmá, èéfín ò kúrò lára ògiri!"
Ó ní, "Níbo lo fẹ́ kó lọ? Iná ń jó, ògiri ò sá.
Ohun tí kò sá fún iná, ọ̀dà lẹ fi ń lé e?"
Ó na páálí sí mi.
"Fẹ́ ẹ. Ọwọ́ ń ro mí."

Mo fẹ́ ẹ. Eérú fò sára ṣòkòtò mi.
Akíndójú ti ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà,
ó ń béèrè bóyá iṣu náà á tó ẹni mẹ́ta.