Eérú Tó Gbiná

Bí iná bá kú, a feérú bojú:
ohun tí màmá mi mọ̀ nìyẹn, kò sì parọ́,
àfi pé kò gun òkè Fọ́ọ̀tì Défíìsì rí
lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kejì,
kí òtútù Tẹ́sáàsì máa jẹ ìka rẹ̀ bí èkúté,
kí ó rí eérú tó dìde lójijì
tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ́ bo agbo ìràwọ̀ tó bí i.

Eliseo Baésà ló kọ́kọ́ rí i.
Òun ló ń fi gírísì pa táyà òrùlé awò ńlá wa;
kò kàwé ìràwọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti lo ogún ọdún níbẹ̀.
“Èyí ò sí níbẹ̀ lánàá.”
Kọfí mi dà sórí ìwé àkọsílẹ̀.
Àbàwọ́n náà wà níbẹ̀ dòní.

Ìràwọ̀ aràrá funfun ni.
Kò fẹ̀ ju ayé tí à ń tẹ̀ yìí lọ,
síbẹ̀, gbé e sórí òṣùwọ̀n, oòrùn ni wàá kà.
Ó ti jẹ tirẹ̀ tán láti àìmọye ọdún,
ó jókòó, ó ń tutù lọ jẹ́jẹ́.
Ta ló wá tọ́ ọ?

Ìjà ilé oúnjẹ wa nìyẹn.
Dókítà Halfọ́sìnì ní aládùúgbò rẹ̀ ni,
ìràwọ̀ kan tó sanra, tó ń wú,
tí afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ ń jò sí aràrá lẹ́nu,
òkèlè kan, òkèlè kan,
títí ikùn fi kún kọjá ibi tí ikùn ń kún dé.
Àjọjẹ ò dùn bí ẹnìkan ò bá ní;
ẹni tó ní ló wá bọ́ iná tó jó o.
Bó bá rí bẹ́ẹ̀, agbáwo ṣì wà láàyè,
ara rẹ̀ bó, ó ń sá lọ nínú èéfín.
Ẹ jẹ́ ká wá a.

A tú àwòrán àtijọ́ wò. Ọgọ́rin òru.
A ò rí ẹnì kankan.

Èmi gbà pé méjì ni wọ́n, aràrá àti aràrá,
tí wọ́n ń yí ara wọn po,
tí okùn àárín wọn ń kúrú, ń kúrú,
títí wọ́n fi forí sọ ara wọn,
tí kò ku ẹni tó máa rojọ́.
N ò lẹ́rìí. Bóyá ohun tí ojú mi rí ló ń sọ̀rọ̀:
bàbá mi lọ lọ́jọ́ Ajé, màmá mi lọ́jọ́ Ẹtì,
àga tí wọ́n háyà ò tíì kúrò lójúde.
Fóònù ni mo fi gbọ́ méjèèjì.

Eliseo ò bá wa jiyàn.
Ó na nọ́ọ̀tì kan tó ti dógùn-ún sí mi:
“Ẹ ní ibẹ̀ lèyí ti wá?”
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òun àti irin inú ẹ̀jẹ̀ rẹ,
èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.
Ó wò ó. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò,
ó lọ dè é padà mọ́ ilẹ̀kùn òrùlé.
Ilẹ̀kùn ṣí.
Òtútù wọlé.