Adìẹ Mọ́kàndínlógún

Kánsẹ́lọ̀ ló kọ́kọ́ dákẹ́.
Àkùkọ tí í jí wa ní Ọ̀gọ̀tùn kí ládàánì tó bọ́jú,
òun ni kò kọ láàárọ̀ Ọjọ́rú.
Mo ní ọyẹ́ ni.
Ọyẹ́ ọdún yìí mú, ó la ètè mi sí méjì,
ó gbẹ koríko ẹní tí mo sá sẹ́yìnkùlé
títí ó fi ń dá lọ́wọ́ mi bí egungun ẹja.
Mo da àgbàdo sílẹ̀ fún un.
Ó wò ó bí ẹni tí ń wo ìwé tí kò lè kà.

Wọ́n ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.
Mo ti ń pa òwe yẹn láti ìgbà tí mo ti ní eyín,
n kò ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìyẹ́ adìẹ rí láti wò ó.
Lọ́jọ́ náà mo kì í bọ̀ ọ́.
Ó gbóná bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ìgbẹ́ wọn di àwọ̀ ewé.
Ọ̀pìpì na ọrùn, ó ń mí bí àgbà tó gun òkè.
Gbàmílétí, aláriwo, tí í fi ẹyin kan ṣoṣo da àdúgbò rú,
jókòó sábẹ́ igi ìbẹ́pẹ, ìyẹ́ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀
bí ìró ẹni tí ọ̀rọ̀ ti sú.
Ìyá Afúsá ní omi ewúro.
Bàbá Fálàdé ní àlùbọ́sà àti ata wẹ́wẹ́.
Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Mo tilẹ̀ gbàdúrà,
ojú sì tì mí díẹ̀, torí n kò mọ̀
bóyá a máa ń dárúkọ adìẹ níwájú Ọlọ́run.

Dókítà ẹran gun ọ̀kadà wá láti Àràmọkọ,
ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Ìbíwùmí, eruku bo ìpéǹpéjú rẹ̀.
Kò tíì gbé àpò sílẹ̀ tó fi sọ ọ́:
"Lúkúlúkú ni, Màmá. Kò lóògùn.
Àjẹsára ni. Kó tó dé la fi ń fún wọn."
Kó tó dé.
Wọ́n kéde rẹ̀ lóṣù Ọ̀wàrà,
owó rẹ̀ kò tó ti búrẹ́dì kan,
mo ní kí n kọ́kọ́ ta ẹní méjì ná.
"Kó tó dé" ti wọnú ẹní tí mo ń hun báyìí,
ó ń gún mi níka.

Lálẹ́, Rópò tí ń ta ẹran díndín ní gáréèjì kan ilẹ̀kùn:
"Ẹ kó àwọn tó ṣì ń mí fún mi, ẹgbẹ̀rún méjì-méjì.
Iná kì í mọ aláìsàn."
Ẹgbẹ̀rún méjì lọ́nà mọ́kànlá.
Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣírò rẹ̀.
Lẹ́yìn náà mo ní kó máa lọ ulé rẹ̀,
ohùn tí ìyá mi fi í lé ewúrẹ́ ni mo fi lé e.

Ọmọ mi pè láti Adó: "Màmá, adìẹ ni o.
N ó ra òmíràn fún yín lọ́dún Àjíǹde."
Mo ní o ṣeun. Òótọ́ ni, adìẹ ni.
Ẹni tí ilé rẹ̀ kún lè sọ bẹ́ẹ̀.
Èmi, àwọn ni mo ń kí káàárọ̀.

Mo gbẹ́ kòtò náà kọjá orúnkún, mo bu eérú sí i.
Ẹní tí n kò rí tà, tí etí rẹ̀ wọ́,
òun ni mo fi wé wọn. Mẹ́rìndínlógún.

Ó ku mẹ́ta.
Ọ̀kan, Sìsí, àìsàn náà yí i lọ́rùn,
ojú kan ń wo òkè, ojú kan ń wo ilẹ̀.
Tó bá ṣá àgbàdo, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló ń ṣá.
Mo ti kọ́ bí a ṣe ń sún abọ́ sápá òsì
kí àṣìṣe rẹ̀ lè bọ́ sórí oúnjẹ.

Ọwọ́ mi ni kò tíì kọ́ ìṣirò tuntun.
Láàárọ̀ yìí náà, àgbàdo adìẹ mọ́kàndínlógún ni mo bù.
Àwọn àdàbà ló wá ṣa ìyókù.
N kò lé wọn.