Owó Kọfí

Àpò kọfí méjì ni ìyá mi tà l'Áyétòrò.
Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
ó so ó mọ́ etí ìró, ó tún un tú,
ó nà án sí ọ̀gá mi:
"Ohun tí mo ní nìyí. Ẹ bá a ra èyí tí yóò bá a kalẹ́."

Ọjọ́ ọjà Kàbà. Ọyẹ́ ti gba orí òkè lọ́wọ́ wa.
Kí a tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ni mo ti mọ ohun tí mo fẹ́:
ẹ̀rọ ìlugi aláwọ̀ ìyeyè,
tó ń dún bí agbọ́n nínú agolo,
irú èyí tí Medubi, tó gba fíríìdọ̀ọ̀mù ṣáájú mi, ń gbé kọ́ èjìká
tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ẹnjiníà.

"Okun o," ni Ọ̀gá Ọbajẹmu kí onírin.
Kò wo ẹ̀rọ. Ó mú ayùn, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi èékánná ta á,
ó dẹtí sí i bí ẹni ń gbọ́ èémí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná.
"Èyí ti kú." Ó mú òmíràn. Òun náà ti kú.
Ìkẹrin ló dáhùn.
Ó di ojú kan, ó fi èkejì tọ ẹ̀yìn ayùn lọ bí ọdẹ:
"Èyí tó bá wọ́ lọ́jà kò ní tọ́ nílé."

Òòlù, ó gbọn orí rẹ̀ wò.
"Orí tó ń mì, ọjọ́ kan ni yóò fò,
kò sì ní bèèrè ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ."
Ìfági kan. Ṣísẹ́lì mẹ́ta, kì í ṣe mẹ́jọ inú páálí dídán.
"Mẹ́jọ! Ta ni yóò máa pọ́n mẹ́jọ?"
Ó ra òkúta ìpọ́nrin.
Ó na tépù mẹ́ta pọ̀ lórí tábìlì:
ọ̀kan fi ìbú ìka kúrú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.
Onírin bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi kò rẹ́rìn-ín.
"Ìbú ìka yìí ni ilẹ̀kùn tí kì í padé."

Mo ní: Ọ̀gá, ẹ̀rọ ńkọ́?
"Iná ti tàn lábúlé yín láti ìgbà tí ẹ ti jẹ iṣu tuntun?"
N kò fèsì.
"Jẹnẹrétọ̀ ń mu epo. Epo ń mu owó. Ìwọ, kí ni wàá mu?"
Síbẹ̀, èyí ni n kò gbàgbé,
ó rìn dé ìsọ̀ kejì, ó gbé ẹ̀rọ ìlugi tòkunbọ̀ kan,
ó gbóòórùn rẹ̀ bóyá wáyà inú rẹ̀ ti jó rí,
ó ní kí wọ́n fi iná sí i, ó jẹ́ kó ké lọ́wọ́ òun
pẹ́, pẹ́ ju bí ẹni tó ń dán nǹkan wò.
"Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí ojú mi ti ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn," ó ní,
ó sì rọra dá a padà sórí tábìlì.

Owó kù díẹ̀. Mo rò pé búrẹ́dì ni.
Awò ojú ló rà, ti ike, tó mọ́ gaara.
"Ìyí kò sí lọ́jà," ó fọwọ́ kan ìpéǹpéjú òsì rẹ̀
tí kò ṣí tán mọ́ láti ọjọ́ tí ìṣó ta á.

Lálẹ́, ìyá mi tú gbogbo rẹ̀ sórí ẹní.
Ó bi mí èwo ni àpò àkọ́kọ́, èwo ni èkejì.
Mo gbé ayùn fún un. Mo tẹ̀ ẹ́, mo ní kó ta á.
Ó dẹtí.

Ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fá.
Ó padé.