Ẹ̀rọ Pè Mí ní Ọ̀mùtí

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí Àsùbáà tán ni, lẹ́yìn Gáréèjì Ọ̀fà.
Omi àlùwàlá kò tíì gbẹ ní ìgbọ̀nwọ́ mi.
Mo fi lọ́fínńdà ra ọrùn, mo jókòó sídìí ọkọ̀,
mo ní "Bísímílá", mo yí kọ́kọ́rọ́.
Iná pupa.
Ohùn obìnrin kan nínú páálí kékeré ẹ̀gbẹ́ sitiárìn ní:
"Dẹ́rẹ́bà, ọtí wà lẹ́nu yín."

Èmi! Ṣàlíù ọmọ Àlùfáà Bùnyámínù ní Òkè-Àpómù,
tí n kò mọ bóyá bíà korò tàbí ó dùn.
Èrò méjìlá pa lọ́lọ́ lẹ́yìn mi.
Ìyá kan tó gbé wàrà lé ẹsẹ̀ pòṣé.
Mo ní ó tì. Ẹ̀rọ ní ọtí.
Mo tún ní ó tì. Ọkọ̀ kọ̀, kò jí.
Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń kúrò nídìí òkú tí kì í ṣe tiwọn,
wọ́n wọ ọkọ̀ Àdìgún.

Àdìgún, tó ti gbé sẹ́pẹ́ méjì mì kí àkùkọ tó kọ!
Ọmọ tó ń gba owó ọkọ̀ fún un ló bá a fẹ́ atẹ́gùn sí i,
ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí kò mu ju kúnú lọ.
Iná aláwọ̀ ewé. Wọ́n lọ.
Wọ́n kọjá Gànmọ́, wọ́n kọjá Ìdòfìàn, wọ́n dé Ajáṣẹ́,
wọ́n padà lálàáfíà, Àdìgún ń súfèé.
Nǹkan kan ò ṣe wọ́n.
Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù títí di òní.

Mo gbé ẹjọ́ lọ bá ẹni tó kan ẹ̀rọ náà mọ́ wa lọ́kọ̀,
Rafáàtù, ní Tánkẹ̀, níbi tó ti ń jó wáyà pọ̀.
Kò bẹ̀ mí. Ó gbóòórùn ọrùn mi, ó rẹ́rìn-ín:
"Bàbá, lọ́fínńdà yín ló ń sọ̀rọ̀.
Imú kan ṣoṣo ni mo fún un, imú kan ò mọ ẹjọ́ dá.
Kò mọ èémí orí ahọ́n yàtọ̀
sí èyí tó ti ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró bọ̀."
Ó tú u palẹ̀ sórí ẹní. Eruku kún inú rẹ̀ bí ẹ̀lùbọ́.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀.
Kí n mu kúnú tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta, kí n fẹ́.
Kí n jẹ ọsàn tó ti rà, kí n fẹ́.
Kí n da lọ́fínńdà sára bí ọkọ ìyàwó, kí n tún fẹ́.
Ó fi ojú wẹ́wẹ́ kan sára sitiárìn,
tó ń tan ìmọ́lẹ̀ wo ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò.
Ó ní bí ẹnu bá purọ́, ìka ò ní bá a gbè é.
Ó wá ku ẹni tí yóò mutí. Èmi kọ́.
Àdìgún ló nawọ́: "Wọ́n á ra ọtí fún mi, wọ́n á tún sanwó?"

Ó mu, ó fẹ́: pupa.
Ó jẹ ata ilẹ̀, ó jẹ orógbó, ó fẹ́: pupa.
Ó ti ọmọ rẹ̀ síwájú. Ọmọ fẹ́. Ẹ̀rọ ní:
"Àtàǹpàkò tó wà lórí sitiárìn ńkọ́? Ti ta ni?"
A rẹ́rìn-ín títí. Àdìgún náà rẹ́rìn-ín,
lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó ń wo àtàǹpàkò rẹ̀
bí ẹni pé ọmọ bíbí inú òun ló tú àṣírí òun.

Kò tíì pé o. Àná, nínú ọyẹ́, ó tún bá mi jà:
pupa, níwájú èrò. Ọ̀fun mi gbẹ.
Ó ní: "Ẹ dákun, ẹ sinmi díẹ̀, kí n tún bi yín."
Mo ka tẹ̀sùbáà mi láti orí dé ìdí.
Ó bi mí. Mo mí láti ìsàlẹ̀ ikùn wá, mo tẹ àtàǹpàkò.
Ó ní: "Àṣìṣe tèmi ni. Ẹ máa lọ."

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń wakọ̀.
Ọlọ́pàá, àna, aládùúgbò, gbogbo wọn ti fẹ̀sùn kàn mí rí;
ẹ̀rọ yìí nìkan ló tíì bi mí lẹ́ẹ̀kejì.
Ìyá oníwàrà wà lẹ́yìn. Kò pòṣé.
Ó ní, "Ẹ jẹ́ á máa lọ, oòrùn ti ń mú bọ̀, wàrà mi á kan."
Mo kọrí sí Gànmọ́.