Ẹni Tó Wà Nísàlẹ̀

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi mọ eyín
ní ọsibítù Ìjẹ̀bú-Igbó:
eyín arúgbó, eyín ẹni tí ọ̀kadà gbá,
eyín ìyàwó tí ò fẹ́ kí ọkọ òun mọ̀.
Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ọwọ́ mi ò gbà.

Ni Ọlátóún bá fi páálí kan ránṣẹ́ láti òkè òkun.
Ọkọ̀ ojú omi ló wà nínú rẹ̀, ní ẹyọ-ẹyọ,
igba ó lé mọ́kànlá, ike aláwọ̀ eérú,
àti ìwé tó ń pàṣẹ: fi èyí mọ́ èyí,
má bi mí pé kí ló dé.

Mo tò ó lọ́jọ́ mẹ́sàn-án. Ó dúró.
Ó dúró bí eyín tí wọn ò wọn ẹnu kí wọ́n tó ṣe:
ó gún, ó ń dán, kò jọ ti ẹnikẹ́ni.
Ni mo bá tú u palẹ̀.

Okùn inú páálí nípọn jù,
ẹni tó bá wà lórí ọkọ̀ náà, okùn á tó itan rẹ̀.
Mo fa òwú yọ létí ìró Ṣíjúwọlá.
Títí dòní ló ń wádìí ohun tó jẹ ìró òun.
Mo ní eku ni.
Ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ́ eyín ni mo fi lu fèrèsé,
ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ojú abẹ́rẹ́.
Mo ha ìpẹtà ara páànù ilé wa, mo fi kùn ún nídìí,
torí ọkọ̀ tí kò bá tíì dógùn-ún
kò tíì rin ibì kankan.

Ènìyàn mẹ́ta ló bá páálí wá:
ọ̀gá ọkọ̀, ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú,
àti ẹnìkan tó nawọ́ sí ibi tí n ò mọ̀.
Ta ló wá ń koná?
Mo ṣí ìwé náà síwá, mo ṣí i sẹ́yìn.
Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ṣófo.

Bàbá mi, Ọnàfowókàn ará Ìwópin, fáyámáànù ni.
Ọnà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ,
ṣọ́bìrì ni òyìnbó fi lé e lọ́wọ́.
Ó wọkọ̀ ní Àpápá lọ́dún tí mo pé mẹ́fà.
Lẹ́tà méjì ló dé. Ìkejì ń rùn èéfín.
Ìyá mi ò fìgbà kan sọ pé ó kú.
Ó ní, ó wà nísàlẹ̀.

Mo fi ayùn gé àjà ọkọ̀.
Mo kọ́ yàrá iná tí kò sí nínú ìwé,
ìléru méjì, wáyà eyín ni ọ̀pá wọn.
Èédú ńkọ́? Gàrí.
Gàrí Ìjẹ̀bú tó kúnná, tó gbẹ,
mo da tàdáwà sí i, mo sá a sóòrùn.
Ó di èédú. Ó ṣì ń ta kíkan símú.

Ike tí mo fi ń ṣe èrìgì ni mo fi mọ ọkùnrin náà,
kò gùn ju ẹyọ ìrẹsì.
Ojú rẹ̀ ló dá mi dúró, ọjọ́ mẹ́rin gbáko.
N ò rántí ojú náà.
Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rántí, tó ń lọ sétí omi.
Mo jẹ́ kó kọ̀yìn sí wa.

Ṣíjúwọlá gba dígí mi, ó bẹ̀ ẹ́ wò.
Ó dákẹ́. Ó ní, "Ibẹ̀ á gbóná o. Fún un lómi."
Mo ṣe ife kan. Mo sín, ife fò lọ.
Mo tún òmíràn ṣe.

Lẹ́yìn náà mo fi gúlù lẹ àjà padà,
mo fi sáńpépà dán an títí ojú àpá fi pòórá.
Orí fíríìjì ló wà báyìí.
Àlejò á ní, ó mà dára o, ṣé ẹ máa tà á?

Lánàá, ọmọ ilé kejì gbé e, ó mì ín.
Nǹkan kan ró ṣẹ́kẹ́ nínú rẹ̀.
Ó lè jẹ́ èédú. Ó lè jẹ́ ife.
"Bàbá, kí ló já?"
Mo ní kó rọra gbé e kalẹ̀,
ẹnìkan ń ṣiṣẹ́.