Àwo Méje Nínú Páálí Mílíìkì

Páálí mílíìkì ni bàbá mi kó wọn sí,
àwo orin méje, ikán ti jẹ igun páálí náà,
ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí wọn lápò
bí ẹni ń ka ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà.
Tísà Fámúrewá, ọ̀gá bẹ́ńdì ilé-ìwé wa ní Ìkẹ́rẹ́,
níbi tí àpáta Olósùnta ti ń wo orí wa lókè.

Àwo kìíní wúwo bí àwo tánganran,
bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe ń fọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló gbà.
Bàbá ní yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n há sí,
gbogbo wọn kọjú sí ẹnu ìwo ńlá kan:
ẹni tí ohùn rẹ̀ rọ̀, wọ́n fà á sún mọ́ ọn,
ẹni tí ohùn rẹ̀ ń la etí, wọ́n tì í dé ẹnu ọ̀nà.
"Ìbídàpọ̀, o ò rí nǹkan?
Ẹni tó pariwo jù ni wọ́n ní kó jìnnà."

Nígbà tó fi máa di àwo kẹta, wọ́n ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Sásófóònù jókòó níwájú, tírómbóònù tẹ̀ lé wọn,
tọ́ńpẹ́ẹ̀tì wà lẹ́yìn pátápátá, lórí pèpéle.
Èyí ń bi, èyí ń dáhùn.
Kò yé mi; ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí.
Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí ìyá mi
àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì ti ń gúnyán:
ọmọ odó mẹ́ta, odó kan, kò sí èyí tó kọlu èkejì.
"Ohun tó wà nínú àwo yẹn nìyí. Jáàsì nìyí.
Bí ẹnì kan bá kánjú, ó di ẹ̀fọ́wọ́."
Ìyá mi ní kó má fi òun kọ́ ọmọ níwèé, kó bu omi wá.

Láàárín ìkẹrin àti ìkarùn-ún, àlàfo wà.
Ó ki páálí pẹlẹbẹ kan bọ̀ ọ́, kò kọ nǹkan kan sí i.
Ìgbà ogun ni, àwọn afunfèrè sì daṣẹ́ sílẹ̀,
wọn ò yọjú sílé ìgbohùnsílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù.
Ìgbà tí wọ́n fi padà, orin ti dàgbà lẹ́yìn wa
bí ọmọ tí a rán lọ sí Adó tó fi irùngbọ̀n wọlé.
"Wọn ò dákẹ́ o," ni Bàbá wí.
"Àwa la ò gbọ́."

Ìkẹfà fẹ̀, ó gba ogún ìṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan;
ẹnì kan lè dìde kó máa rìn kiri nínú èrò ara rẹ̀
kí àwọn yòókù dúró dè é lẹ́bàá ọ̀nà.
Ìkeje, n ò fẹ́ràn rẹ̀. Bí agolo tó ń yí bọ̀ láti orí òkè.
Òun ni Bàbá fẹ́ràn jù.

Bẹ́ńdì tirẹ̀ ńkọ́?
Ọmọkùnrin mẹ́tàdínlógún, kílárínẹ́ẹ̀tì méjì,
túbà kan tó ti forí sọ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì,
sásófóònù tí wọ́n fi rọ́bà dè lọ́rùn.
Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n fi ń yí padà, tí wọ́n ń gbòòrò,
kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sórí àwo.
Àpáta nìkan ló ń tún un sọ nírọ̀lẹ́,
àpáta kì í sì í tọ́jú nǹkan.

Kásẹ́ẹ̀tì kan ló kù. Wọ́n ti gba ìwàásù ìkórè lé e.
Mo gbọ́ Àlùfáà Ajíbóyè látòkèdélẹ̀: iṣu, ìdámẹ́wàá,
òrùlé tó ń jò, àmín,
ariwo bí iyanrìn inú agbada elépà,
lẹ́yìn náà, ogójì ìṣẹ́jú àáyá:
tọ́ńpẹ́ẹ̀tì gòkè, kílárínẹ́ẹ̀tì dá wọn lóhùn,
ọmọ kan kó wọlé kí àyè rẹ̀ tó kàn,
ẹnì kan rẹ́rìn-ín,
bàbá mi ní, "Ẹ tún un mú,"

kásẹ́ẹ̀tì tán.

Mo wá ṣọ́ọ̀kì. Mo kọ nọ́ńbà kẹjọ sí i lára.